Gbólóhùn Tí Títíloyè Fò

Ìbéèrè ni Títíloyè ń bèèrè jẹun. Bí ẹ bá bi ọmọ rẹ̀, Mofẹ́olúwa, pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, á dáhùn pé, "She dey ask people question," nítorí Bìní ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ń wọ̀ ọ́ létí, ṣùgbọ́n kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò kúkú purọ́. Láti ìgbà tí ilé ìwé aládàáni tí Títíloyè ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní Oregbeni ti kógbá wọlé lásìkò àrùn kòrónà, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Á wọ ilé onílé, á jókòó, á ṣí fóònù ńlá kan tí wọ́n kó ìbéèrè sí, á sì máa béèrè bí nǹkan ṣe rí kí àjọ kan tó dé àti bó ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n dé. Àjọ yìí gbẹ́ kànga, tọ̀hún kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́, òmíràn pín àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹni tó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ a máa fẹ́ mọ̀ bóyá ayé ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ yí padà. Títíloyè ni wọ́n ń rán lọ wò ó.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ọdún 1999 ni ọkọ rẹ̀, Olúyẹmí, rí iṣẹ́ ní sọ́míìlì kan ní Bìní, tí wọ́n ní àwọn ò ní lò ju ọdún méjì lọ. Ọdún méjì náà di ogún ọdún ó lé. Títíloyè gbọ́ Èdó débi tó lè fi nájà, ó gbọ́ Pidgin débi tó fi lè bá ènìyàn jà, Yorùbá rẹ̀ sì wà fún ilé, ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ Oǹdó. Kò ga, kì í pariwo, kì í sì í dá ènìyàn lẹ́nu.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un, ti kànga ẹ̀rọ ni. Àjọ kan ti gbẹ́ ẹ sí abúlé kan lẹ́yìn Ikpoba Hill, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará abúlé ń mu omi ibẹ̀. Gbogbo ilé tó wọ̀ ló ní bẹ́ẹ̀ ni, omi náà dáa, kí Ọlọ́run bùkún àjọ. Nígbà tó dé ilé kẹsàn-án, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lómi. Omi inú ọ̀rá ni wọ́n lọ rà wá fún un. Ó dìde, ó padà sí ilé mẹ́jọ tó ti kọ́kọ́ wọ̀, ó ń tọrọ omi. Ilé kan ṣoṣo ló bu omi kànga fún un, nígbà tó sì tọ́ ọ wò, ó mọ ìdí rẹ̀: bí ẹni lá ìṣó ni. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹni tó ka ohun tó kọ ni Dókítà Gbóyèga. Kì í ṣe dókítà ilé ìwòsàn, dókítà ìwé ni. Ọmọ Ìláròó ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì ní ọ́fíìsì oníyàrá méjì ní GRA níbi tó ti ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn àjọ. Láti ọjọ́ náà, Títíloyè ló máa ń kọ́kọ́ pè tí iṣẹ́ bá dé. "Mummy," bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú òtítọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Títíloyè. Nígbà tó yá, òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, iṣẹ́ awò ojú dé. Àjọ kan láti òkè òkun fẹ́ pín awò fún àwọn aránṣọ tó ti lé ní ogójì ọdún ní Oregbeni àti Ikpoba Hill. Kò sí ẹni tó dàgbà tí kò mọ irú ojú yẹn, ojú tó ń rí ọ̀nà jíjìn ṣùgbọ́n tí kò rí ohun tó wà lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á kàn na ìwé jìnnà sí ara rẹ̀, á kà á. Aránṣọ ò lè na abẹ́rẹ́ jìnnà. Àjọ náà fẹ́ mọ ohun kan: bí wọ́n bá fún aránṣọ ní awò, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀ sí i, ṣé á sì dára sí i?

Aránṣọ mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ló péjọ sí gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Oregbeni, Èdó, Ìṣán, Ìgbò àti Yorùbá. Dókítà Gbóyèga bá wọn sọ̀rọ̀.

"N ò ní fi nǹkan pamọ́ fún yín," ó ní. "Ìdajì yín á gba awò lónìí, ìdajì á gbà á lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún. Kèké la máa ṣẹ́, kò sí ojúsàájú. Tí a bá fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí iṣẹ́ yín wá pọ̀ ní Disẹ́ńbà, ta ló máa mọ̀ bóyá awò ló fà á àbí Kérésì? Àwọn tó ń dúró ló máa jẹ́ ká mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Kérésì. Ó wá kan Títíloyè láti ka ìwé àdéhùn sí wọn létí, ní Pidgin fún gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ní Yorùbá fún àwọn tó jẹ́ Yorùbá. Gbólóhùn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Iná ti lọ, fáànù ti dákẹ́, òógùn ń bọ́ lára gbogbo ènìyàn, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń sọ pé kí wọ́n gbé kèké wá. Títíloyè ka díẹ̀ bó ṣe wà, ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gé ìyókù kúrú. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣẹ́ kèké. Ẹni tó fa ìwé aláwọ̀ ewé gba awò. Ẹni tó fa funfun gba ọwọ́ òfo lọ sílé.

Ṣọlápé wà lára àwọn tó fa funfun. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìyá Táíwò sì ni wọ́n ń pè é ní gbogbo àdúgbò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn, òun sì ń rán aṣọ ilé ìwé àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan ní Ikpoba Hill, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Fọláyẹmí tó ń ṣe irun. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láyé ìjọ́sí kì í mọ èwo ni ojú aṣọ, èwo ni ẹ̀yìn, nítorí bó ṣe ń rán inú náà ló ń rán òde.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Títíloyè ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Á béèrè iye aṣọ tí wọ́n rán lọ́sẹ̀ náà àti iye tí oníbàárà dá padà. Lẹ́yìn náà á kó abẹ́rẹ́ márùn-ún fún aránṣọ kó fi òwú bọ̀ wọ́n, òun á máa wo aago. Nígbà àkọ́kọ́, Ṣọlápé lo ìṣẹ́jú méjì. Ní oṣù kẹfà, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní oṣù kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ kẹrin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, ó sì ní kó kúkú kọ mẹ́ta.

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí èmi ò bá sí níbí?" Títíloyè béèrè.

"Fọláyẹmí ló ń bá mi fi òwú bọ̀ ọ́. Á ṣe mẹ́wàá láàárọ̀, màá gún wọn sára ìrọ̀rí yìí. Tí mẹ́wàá bá tán, mo ti ṣíwọ́ nìyẹn." Ó gbé ọwọ́ lé aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. "Ìyá Mofẹ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Àwọn tó gba awò, mo mọ ohun tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ wọn. Èmi tí ẹ ò fún ní nǹkan kan, kí lẹ ń wá wò?"

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ká mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún ẹni tí kò ní awò, ma. Tí a ò bá rí yín, a ò lè mọ ohun tí awò ṣe fún àwọn yòókù."

"Ìyẹn ni pé bí iṣẹ́ mi bá ń bàjẹ́, ó wúlò fún yín."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ma. A kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà," Ṣọlápé wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

Títíloyè pẹ̀lú ń lo awò. Ó rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ring Road ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń bá a ṣe gbogbo ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó fa funfun, á bọ́ awò náà, á fi í sínú báàgì, á sì mú kí lẹ́tà ojú fóònù tóbi. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì í.

Ọjọ́ kejì oṣù Disẹ́ńbà ló padà dé ọ̀dọ̀ Ṣọlápé. Ó bá a pẹ̀lú ìka ìlábẹ̀ tí wọ́n wé ní báńdéèjì dé ọrùn ọwọ́.

"Kí ló ṣe yín, Ìyá Táíwò?"

"Máṣíìnì ni. Mo rò pé ìka mi ṣì jìnnà sí i. Abẹ́rẹ́ wọ inú èékánná, ó yọ sí òdì kejì."

Fọláyẹmí dúró sẹ́nu ọ̀nà, òòyà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn," ó ní. "Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń ní kí wọ́n lọ ra awò lọ́jà. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn ń dúró de tiyín, pé ẹni tó bá rà á, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Títíloyè yíjú sí Ṣọlápé. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ma?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ní gbọ̀ngàn. Ẹ ní, 'Ẹni tó bá fa funfun, ẹ dúró, a máa fún yín.' Mo wá ń dúró. Bí mo bá lọ ra tèmi, ṣé mo dúró nìyẹn?"

Títíloyè ṣí fóònù, ó wá ìwé àdéhùn náà jáde. Kò rí i kà, ó sì mú awò rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́ sójú níwájú obìnrin náà. Gbólóhùn keje ló ń wá. Ó wà níbẹ̀: ẹni tó ń dúró lè ra awò tàbí kó lọ gba ìtọ́jú níbi tó bá wù ú, nígbà tó bá wù ú, wọn ò sì ní tìtorí rẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí bóyá òun sọ ọ́ ní ọjọ́ náà. Ooru ọjọ́ náà ló rántí. Ó rántí pé nígbà tí òun dé ìdajì ìwé, òun gbójú sókè, òun rí bí wọ́n ṣe ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, òun sì pa ìwé dé, òun sọ gbólóhùn kan tí Ṣọlápé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún òun yìí.

"Mo fò ó," ó ní.

"Kí lẹ fò?"

Ó ka gbólóhùn keje fún un ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má rà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mi ò sọ fún yín."

Ṣọlápé ń ka oṣù lórí ìka ọwọ́ tí kò ní báńdéèjì. "Oṣù mẹ́sàn-án," ó ní.

Títíloyè kúnlẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ma. Ẹ má bínú."

"Ẹ dìde. Oníbàárà ń bọ̀."

Kò béèrè ìbéèrè kankan mọ́ ní ọjọ́ náà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Ikpoba Hill lọ sórí afárá, ó ro gbogbo ọ̀nà tó lè gbà. Ó lè sọ fún àwọn tó ń dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kiri, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní GRA. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló kù. Ẹni tí wọ́n ń yìn pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ òtítọ́ ni yóò lọ sọ pé òun ò sọ òtítọ́ tí wọ́n fi rán òun. Ó mọ̀ dájú pé wọ́n lè má pè é síṣẹ́ mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ ní Ring Road, ó dúró níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí GRA.

Dókítà Gbóyèga gbọ́ ọ dópin. Kò pariwo. Ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

"Mummy, ṣé òun nìkan ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"N ò mọ̀ sir."

"Mo wà níbẹ̀," ó ní. "Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ gé e kúrú. Mo rò pé ẹ ti sọ kókó rẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n tètè ṣẹ́ kèké. Ẹ lọ bi gbogbo wọn. Ẹ má ṣàlàyé kankan fún wọn títí wọ́n á fi dáhùn. Ẹ kàn béèrè pé, kí ni wọ́n sọ fún wọn."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà á. Méjìlélọ́gọ́ta ni àwọn tó fa funfun. Mẹ́tàlá kò tilẹ̀ ro awò ríra rí. Mẹ́tàlélógójì sọ ohun tí Ṣọlápé sọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ kan náà gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Idemudia, télọ̀ arúgbó kan ní Oregbeni tó ti fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì, wò ó tìyanutìyanu. "Na una say make I wait," ó ní. "I dey wait."

Àwọn mẹ́fà yòókù ló ṣòro jù. Wọ́n ti ra awò, wọ́n sì ti ń gbé e pamọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí Títíloyè tó ń bọ̀ lókèèrè. Obìnrin kan mú tirẹ̀ jáde látinú agolo mílíìkì tó ń kó bọ́tìnnì sí, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ó ní òun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ lórí abẹ́rẹ́ márùn-ún yẹn kí wọ́n má bàa fura. Títíloyè kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó rò ó pé oṣù mẹ́sàn-án ni òun fi ń fi aago wo ènìyàn tó ń ṣe bí ẹni tí kò ríran, òun tí wọ́n ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń mọ irọ́.

Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ dé, Dókítà Gbóyèga fa ìlà méjì sórí ìwé.

"Ẹ wò ó, Mummy. Ẹni tó ní awò ń rán aṣọ mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń dúró ń rán mẹ́fà. A ti ń sọ pé awò fi mẹ́ta kún un. Ṣùgbọ́n ká ní a ò dé Oregbeni rárá, mélòó nínú àwọn wọ̀nyí ni ì bá ti ra tiwọn? Wọn ò ní wà ní mẹ́fà. Àwa la dá wọn dúró síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí à ń rí, iṣẹ́ awò wà nínú rẹ̀, àṣìṣe tiwa náà wà nínú rẹ̀, a ò sì lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì."

"Kí la máa ṣe?"

"A máa sọ bẹ́ẹ̀."

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti bá àwọn ará àjọ náà ṣèpàdé. Obìnrin kan lọ́hùn-ún béèrè bóyá wọn ò lè kàn ka gbólóhùn tó sọnù náà sí àwọn aránṣọ létí, kí ètò sì máa lọ títí oṣù méjìdínlógún yóò fi pé. Dókítà ní kí Títíloyè dáhùn. Kò múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún wọn nípa ìka Ṣọlápé, bí abẹ́rẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ àti ibi tó gbà jáde. Ó ní, "Wọ́n ti dúró tó." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé: kí wọ́n fún gbogbo wọn ní awò, kí àyẹ̀wò parí síbẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n pín in. Ọwọ́ Ṣọlápé ti jinná, ṣùgbọ́n èékánná tuntun tó hù síbẹ̀ wọ́. Kò tíì ra awò lọ́jà. Ó ní nígbà tí òun ti dúró dé ibi tí òun dúró dé, òun á gba ohun tí wọ́n ní àwọn máa fún òun. Ẹni tó ń yẹ ojú wò ń fi jígí kan lẹ́yìn òmíràn sí i lójú títí èyí tó bá a mu fi dé. Títíloyè bá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó yẹ kó kọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí.

Aṣọ akọrin mẹ́rin ló kọ́ sára ògiri, ó ti rán wọn tán, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gbà wọ́n. Ṣọlápé wọ awò náà, ó wo òde, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó wo aṣọ àkọ́kọ́, ó dúró. Ó mú un sọ̀ kalẹ̀, ó yí ìṣẹ́tí rẹ̀ sókè, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ṣé bí mo ṣe ń rán an nìyí?" ó ní.

Ó yí ìṣẹ́tí aṣọ kejì sókè, ó wo ìyẹn náà.

"Wọ́n sì ń gbà á. Wọ́n ń kí mi pé mo ṣeun." Ó fa dúrọ́ọ̀ máṣíìnì yọ, ó mú abẹfẹ́lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìṣẹ́tí náà. Nígbà tó tú u tán, ó mú òmíràn. Títíloyè ṣíwọ́ kíkọ. Ó jókòó tì í, ó ń bá a ṣa òwú kúrò nínú èyí tó ti tú, wọ́n sì ṣe é títí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi tú. Nígbà tó ń lọ, Ṣọlápé ní, "Ó dàárọ̀, Ìyá Mofẹ́," gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ẹnikẹ́ni.

Fún bí ọdún kan, kò sí iṣẹ́ fún Títíloyè. Ètò awò tí àjọ náà fẹ́ gbé lọ sí ìlú mìíràn dúró, nítorí àwọn tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ní àbájáde náà kò dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn dun Títíloyè ju àìníṣẹ́ lọ. Àwọn aránṣọ kan wà ní ìlú náà tí wọn ò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń na ọwọ́ síwájú kí wọ́n tó rí abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kó má gbé gbogbo rẹ̀ rù, pé ooru ló fà á. Ó dáhùn pé ooru kọ́ ló ka ìwé.

Àbájáde náà pé ní ọdún 2024, Dókítà Gbóyèga sì ní òun kò ní fi ránṣẹ́ sókè òkun nìkan. Ó pe àwọn aránṣọ padà sí gbọ̀ngàn. Bí ọgọ́rin ni wọ́n wá. Ó sọ fún wọn pé awò ṣiṣẹ́, àwọn tó ní i rán aṣọ tó pọ̀, èyí tí oníbàárà dá padà lọ́wọ́ wọn sì kéré. Ṣùgbọ́n iye tó fi kún iṣẹ́ wọn, òun ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé e, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìpe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Títíloyè dìde, ó ní, "Èmi ni mo fo gbólóhùn náà."

Ariwo díẹ̀ sọ, ó sì rọlẹ̀. Ṣọlápé na ọwọ́ sókè láti ìlà kejì.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kó yé mi. Àwa tí a dúró la jẹ́ kí awò dà bí ohun tó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ṣé ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé náà?"

"A kọ ọ́ sí ojú ewé kẹrìnlá."

"Ẹ gbé e wá."

Wọ́n gbé e fún un. Ó wọ awò rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kẹrìnlá, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń dúró dè é. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó dá ìwé náà padà, ó ní, "Bó ṣe rí nìyẹn," ó sì jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dókítà Gbóyèga pe Títíloyè. Iṣẹ́ kan tún ti dé, ti àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn sórí ìwọ̀n. Kì í ṣe ìbéèrè ló fẹ́ kó wá bèèrè nígbà yìí. Ó fẹ́ kó wá jókòó ti ìwé àdéhùn kó tó jáde, kó kọ ọ́ ní Yorùbá àti Pidgin tí ìyá tó ń gbọ́mọ pọ̀n lè gbọ́, kó sì máa kọ́ àwọn ẹni tuntun tó ń lọ béèrè ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń kà á. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" nítorí gbogbo ènìyàn ló ń ní ó yé òun. Kí wọ́n ní kí ẹni náà sọ ọ́ padà. Bí kò bá lè sọ ọ́ padà, kí wọ́n tún un kà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìgbà mẹ́ta.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ máa ń ráhùn pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fà á.